Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá àti Mọ́tò Inú Fóònù

Ẹ̀yìn ilé-ìwé àtijọ́,
Karpenisi,
Ilẹ̀ Gíríìsì.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹrin, 2019.

Serafim, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Heike ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun? Ṣé òtútù Jámánì ti ń fi yín sílẹ̀ díẹ̀? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí, ṣé o ti lọ fi han dókítà, àbí ọtí lo ṣì fi ń tọ́jú ẹ̀? Àwa ńbí wà. Yìnyín ti kúrò lórí òkè, ewúrẹ́ aládùúgbò ti jẹ òdòdó mi tán, mo sì ti sọ tẹnu mi fún ẹni tó ni ín. Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Ohun tí mo rí yìí kò ṣeé pè sọ. Ẹkún ni mo máa sun, ìwọ náà á wá rò pé Bàbá ti kú.

Wọn ò kú o. Fara balẹ̀.

O mọ bí wọ́n ṣe wà nígbà tó o padà lọ. Ọwọ́ ọ̀tún tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú yẹn, orí itan ni mò ń bá wọn gbé e sí láàárọ̀, ibẹ̀ náà ni mò ń bá a lálẹ́. Dókítà ní bí kò bá fi àmì kankan hàn títí Àjíǹde, ká gba kámú. Ohun tó sì ń dun Bàbá jù ni pé wọn ò lè ṣe àmì àgbélébùú mọ́. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ òsì ṣe é, Ọlọ́run á gbà á. Háà! Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá wọn. Láti ìgbà náà ni wọn ò ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní Àjíǹde yìí náà, àwọn ò ní lọ dúró láàárín èèyàn bí òpó iná. Àlùfáà bẹ̀ wọ́n títí, ó sú u.

Ibi tí mọ́tò inú fóònù kan ti wọ̀ ọ́ nìyí. Zacharoula tó ni ilé kọfí ló fi géèmù kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Mọ́tò pupa kékeré kan ló ń sáré lójú ọ̀nà orí òkè. Kò ní bíréèkì, kò ní jíà. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló wà: o tẹ̀ ẹ́, mọ́tò yà, o fi í sílẹ̀, ó ń lọ tààrà. Ọ̀nà náà ò lópin. O kàn máa lọ ṣáá ni, tó o bá ṣi ìka gbé pẹ́nrẹ́n, o ti já sí kòtò. Serafim, èmi àgbàlagbà yìí jókòó ti fóònù yẹn títí ẹ̀wà mi fi jóná nílé.

Mo gbé e síwájú Bàbá nílé kọfí náà, níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù tí wọ́n fi ń yáná, tí àwọn àgbà yòókù ń ta káàdì.

"Kí lèyí? Mọ́tò tí ò ní bíréèkì? Ta ló fún un ní láísẹ́ǹsì?"

Lambros ọ̀rẹ́ wọn, ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ fi Kitsos sílẹ̀ jàre. Ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wakọ̀."

Ẹni tó fi bọ́ọ̀sì gun òkè yìí títí ó fi fẹ̀yìn tì ló sọ bẹ́ẹ̀ fún! Bàbá fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́. Gbàà! Inú kòtò.

"Àwọn èrò bọ́ọ̀sì ti kú tán o!" Lambros ń fẹ̀rín pa ara ẹ̀.

"Panu mọ́. Ẹni tó la ọ̀nà yìí ni kò mọṣẹ́."

Ṣùgbọ́n ó mọ́ wọn lọ́wọ́, àbúrò mi. Wọ́n kọ́kọ́ ń jábọ́, nígbà tó yá wọn ò jábọ́ mọ́. Gbogbo ara wọn ń tẹ̀ síbi tí ọ̀nà bá tẹ̀ sí. Wọ́n kọjá ibi tí mo dé, wọ́n kọjá ibi tí Zacharoula dé. Àwọn àgbà da káàdì sílẹ̀, wọ́n rọ̀gbà yí wọn ká. A ń wo ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí rí, oòrùn ń yọ lórí ẹ̀.

Ni ṣọ́ọ̀ṣì funfun kékeré kan bá yọ ní kọ́nà. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí awakọ̀ ńbí tó máa kọjá ṣọ́ọ̀ṣì láìṣe àmì àgbélébùú.

Ọwọ́ Bàbá gbéra. Ọwọ́ ọ̀tún, Serafim! Ó kúrò lórí itan, ìka mẹ́ta tá a fi ń ṣe àmì náà ń wá ara wọn, ó dé àyà, ó dúró díẹ̀, ó sì wálẹ̀. Ojú wọn wà lójú ọ̀nà, wọn ò mọ̀ rárá. Èmi ni mo figbe ta. Mọ́tò já sí kòtò.

"Asimina, o pa mí! Mi ò dé ibẹ̀ rí!"

Ohùn Lambros wálẹ̀. "Kitsos, ọwọ́ ẹ gbéra."

"Irọ́ ńlá."

Wọ́n wo ọwọ́ náà. Wọ́n ní kó dìde, bí ẹni ń bá ajá sọ̀rọ̀. Kò mira. Ojú wọn wá rẹ̀wẹ̀sì débi tí mo fi kábàámọ̀ pé a sọ fún wọn. Wọ́n na ọwọ́ òsì sí mi, wọ́n ní, "Gbé mọ́tò yẹn wá."

Zacharoula pa rédíò. Bàbá jábọ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún jábọ́. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì náà tó tún yọ. Ọwọ́ yẹn dìde, ó kọjá àyà, ó kan iwájú orí Bàbá. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn fúnra wọn rí i. Mọ́tò já sí kòtò, kò sẹ́ni tó wò ó. Lambros tó ti ń sọ látọjọ́ tó ti dáyé pé kò sí Ọlọ́run, òun ló kọ́kọ́ ṣí fìlà, ó dìde, ó sì ṣe àmì àgbélébùú níwájú fóònù Zacharoula. Gbogbo wọn ṣe é tẹ̀lé e. Orí mi wú. Títí di báyìí tí mò ń kọ̀wé, ó ṣì ń wú.

Ọwọ́ náà ò tíì máa gbọ́ àṣẹ o. Ṣùgbọ́n dókítà ní àmì tóun ń retí nìyẹn, iṣẹ́ ló kù. Bàbá bi mí pé ẹni mímọ́ wo ló ni ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Mo ní àwòrán lásán ni. Wọ́n ní, "Ìwọ lo rò bẹ́ẹ̀." Wọ́n ti ní kí n fọ kóòtù dúdú àwọn de Àjíǹde. Mo bi wọ́n pé tọ́wọ́ bá wá kọ̀ láàárín ìjọ ńkọ́? Wọ́n ní kí Zacharoula gbé fóònù dání.

Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ, pé kó o wá fojú ara ẹ rí i. Kí n má sọ kẹ̀? Èmi! Tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ. Bá mi dì mọ́ Heike, bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tómijé ò tíì gbẹ lójú ẹ̀,
Asimina.