Erékùṣù Tí O Rán Èmi àti Ìyálé Mi Lọ

Agboolé Bàbá Philemon,
Ìlútítun,
lọ́nà Òkìtìpupa.

Jùwọ́nlọ́lá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run tó mú wa lọ tó sì mú wa bọ̀ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń rìn gaara. Bí o bá ń jáde, áńgẹ́lì á máa ṣíwájú rẹ, bí o bá ń wọlé, ire á ti jókòó dè ọ́. Gbogbo ará ilé ń kí ọ. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé ti yọ ewé, ewúrẹ́ Dominic sì ti jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ó wá bẹ̀ mí, mo gbà.

Mo mọ̀ pé o ti ń retí ìpè mi. Fóònù kò gba ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, owó inú rẹ̀ á tán kí n tó kúrò ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ìyálé mi náà kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mọ́ báyìí, n kò lè máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo sì fi rán Dominic, torí ó ń wa ọkọ̀ bọ̀ ní Èkó lọ́la.

Nígbà tí o ní kí èmi àti Màmá Helen jọ lọ, tàbí kí ẹnikẹ́ni má lọ, o mọ̀ pé inú mi kò kọ́kọ́ dùn. Mo ní mo fẹ́ lọ sinmi ni, n kò fẹ́ lọ máa gbọ́ ẹjọ́ ìyálé nílẹ̀ ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ tọ́, òun ló tọ́ ọ nígbà tí mo ń ná ọjà epo ní Akotogbo. Ohun kan ṣoṣo tí o ṣe tí kò dára ni pé o sọ fún un pé ìlú òkèèrè kan tó ní oòrùn ni, o kò sọ fún un pé omi ló yí ìlú náà ká.

O kéré nígbà náà, bóyá o kò rántí rẹ̀ dáadáa. Láti ọjọ́ tí Benedict, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, ti bá àwọn apẹja lọ sójú òkun lápá Ayétòrò, tí ọkọ̀ wọn dojú dé, tí a kò sì rí òkú rẹ̀ gbé wálé, Màmá Helen kò tún wo omi ńlá mọ́. Bí ìjọ bá ń lọ ṣe ìrìbọmi létí odò, ilé ló ń jókòó sí. Ìgbà yẹn náà ni gbogbo wa fi orúkọ náà, Ìyá Benedict, sílẹ̀, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ìrìbọmi òun fúnra rẹ̀ pè é ní Màmá Helen, a rò pé àánú ni a ń ṣe é.

Ọkọ̀ òfuurufú dára. Wọ́n fi bẹ́líìtì dè wá mọ́ àga bí ẹni pé a fẹ́ sá lọ. Nígbà tó gbéra, etí mi dí, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, ọkọ̀ náà kò mì mọ́ rárá. Mo pe Vivian, ọmọbìnrin tí àwọn tó ṣètò ìrìnàjò náà fi ṣe olórí àwa àgbàlagbà, mo ní kó lọ bi awakọ̀ bóyá epo ló tán tó fi páàkì sójú ọ̀run, kó má tijú, a lè dá owó láàárín ara wa. Ó ní eré ni à ń sá. Mo wo ìta, àwọsánmà dúró sójú kan. N kò bá a jiyàn, ọmọ tó kàwé ni.

Ìgbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ sí erékùṣù Sansibá ni Màmá Helen yọjú lójú fèrèsé. Omi ni, omi tútù yọ̀yọ̀ tí kò lópin. Ó fa gèlè bo ojú, kò sì ṣí i títí a fi dé òtẹ́ẹ̀lì. Mo ń fà á lọ́wọ́ ni. Ibi tí mo ti ń fà á ni àwọn tó ń tú ẹrù ti rí pupuru tí mo dì sáàárín aṣọ. Ọkùnrin kan mú bọ́ọ̀lù kan, ó gbọ́ òórùn èéfín lára rẹ̀, ó bi mí léèrè. Mo fi Yorùbá ṣàlàyé fún un bí a ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́, bí a ṣe ń mọ ọ́n roboto, bí a ṣe ń yí i lórí iná kó má baà jóná, títí ó fi ní kí n máa lọ. Mo rò pé ó yé e dáadáa.

Òtẹ́ẹ̀lì yẹn kò ní kọ́kọ́rọ́. Káàdì ni wọ́n fún wa, irú èyí tí ẹ fi ń gbowó lára ògiri báńkì. Bí a bá fi kan ilẹ̀kùn, á dún, iná á tàn, ilẹ̀kùn á ṣí. Lójú ẹsẹ̀ ló ti yé mi pé gbogbo ìgbà tó bá dún, owó rẹ ní Èkó ló ń já. Mo sọ fún Màmá Helen pé a kò ní jẹ ọmọ yìí run. Mo fi bàtà mi kan há ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí a fi kúrò níbẹ̀. Bí o bá wo àkáǹtì rẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kó já.

Nígbà tí wọ́n mú wa lọ jẹun, mo rí wòlíì kan tó dúró sídìí àwọn ìkòkò, aṣọ funfun balau lọ́rùn rẹ̀, fìlà rẹ̀ sì ga ju ti Bàbá Alákòóso sọ́ọ̀ṣì wa lọ. Mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní karíbù. Mo ní àmín. Ó tún ní karíbù, mo tún ṣe àmín. Ẹni tó ń gbé àwo ní karíbù, ẹni tó ń gbálẹ̀ ní karíbù, mo ń ṣe àmín títí ẹnu fi ń ro mí. Vivian sọ fún mi pé ẹ káàbọ̀ ni wọ́n ń wí, pé alásè sì ni ọkùnrin náà. Mo ní kò sí aburú níbẹ̀, àdúrà kì í ṣòfò.

Jùwọ́n, oúnjẹ pọ̀. Ìrẹsì tí wọ́n fi kànáfùrù sè wà níbẹ̀, ẹja yíyan wà níbẹ̀, ẹran omi kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ náà wà, omi àgbọn ni wọ́n fi sè é. Kálukú ló ń bù fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ ẹnìkejì. Mo bu ti Màmá Helen lọ bá a nínú yàrá. Ó wò ó, ó ní gbogbo rẹ̀ ló ti inú omi yẹn jáde, òun kò jẹ. Ó kọjú sí ògiri. Ni mo bá fi ife iná tí wọ́n fi ń se tíì ro pupuru fún un. Ife náà gbóná, ó rú èéfín, ó kú. Wọ́n gbé òmíràn wá. Pupuru yẹn àti ata díndín tí mo gbé láti ilé ló ń jẹ lọ́jọ́ gbogbo, oòrùn tí o sanwó rẹ̀ kò sì kàn án lára.

Èmi ń jáde. N kò lè parọ́ fún ọ. Àwọn òyìnbó àgbàlagbà ibẹ̀ ń sá ara wọn sóòrùn bí ẹni ń sá aṣọ. Ìyá kan nínú wọn ti pọ́n bí ẹyìn, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ṣí agboòrùn, mo dúró tì í. Ó sún àga rẹ̀, mo tẹ̀lé e. Ó tún sún un, mo tún tẹ̀lé e. Nígbà tó ṣe, ó bú sẹ́rìn-ín, ó dìde, ó sì ra àgbọn fún mi mu.

Ọjọ́ kan ni wọ́n ní kí a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù kékeré kan tí àwọn ìjàpá ń gbé. Màmá Helen ní kí n máa lọ, òun á ṣọ́ ẹrù. Wọ́n wọ ẹ̀wù kan fún wa tó ń léfòó, a sì lọ. Ìjàpá ibẹ̀ tóbi bí àga, wọ́n sì kọ ọjọ́ orí kálukú sí i lẹ́yìn. Mo rí èyí tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún dáadáa, mo kúnlẹ̀ kí i, torí àgbà ni àgbà ń jẹ́. Wọ́n fún mi ní ewé pé kí n fi bọ́ ọ, ó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù, kò já a gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rò ó pé gbogbo ohun tí a sọ nípa rẹ̀ nínú àlọ́ tí a pa fún yín, bóyá ìgbà èwe rẹ̀ ni.

Ìgbà tí mo padà dé, yàrá ṣófo.

Bàtà mi ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, gèlè Màmá Helen wà lórí bẹ́ẹ̀dì, òun gan-an kò sí. Mo wo ilé ìwẹ̀, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Jùwọ́nlọ́lá, ohun tó wá sí mi lọ́kàn, n kò lè kọ ọ́. Mo rò pé omi tó gbé ọmọ ti pe ìyá. Vivian ló ń fà mí lọ létí òkun, a ń bi gbogbo ẹni tí a bá pàdé. Mo ń ronú ohun tí màá wí fún ọ.

A rìn jìnnà. Òkun ti fà sẹ́yìn níbẹ̀, àwọn obìnrin kan wà nínú omi, wọ́n ń so ewé kan tó ń hù nínú òkun mọ́ okùn, iṣẹ́ oko wọn nìyẹn. Mo rí ẹnì kan láàárín wọn tó ká ìró dé orúnkún. Ìró náà ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀, torí èmi ni mo fọ̀ ọ́. Mo kígbe pé Màmá Helen. Kò wẹ̀yìn. Ìgbà náà ni ìyá arúgbó kan nínú wọn pe orúkọ kan, ó ní Mama Benedict, ó sì nàka sí wa. Ìyálé mi dáhùn, ó ní hẹn.

Mo jókòó sórí iyanrìn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó jáde wá, ó ní kí n má bínú, òun kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó ní òun gbọ́ ohùn àwọn obìnrin lábẹ́ fèrèsé, wọ́n ń jiyàn bíi tiwa níbi tí a ti ń fún epo, òun bá yọjú. Òun rí ìyá kan tí ewé tútù kún agbọ̀n rẹ̀, tí kò rí ẹni gbé e rù ú. Ó ń gbé e, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyálé mi ní ṣé kí òun jókòó máa wò ó ni? Ìgbà tí ẹrù náà gun orí ìyá náà tán ni òun tó mọ̀ pé òun ti wà nínú omi. Ìyá náà fọwọ́ sí àyà, ó ní Mama Asha. Ó wá nàka sí òun, ó ní Mama, ó sì dákẹ́, ó ń dúró kí òun parí rẹ̀. Ìyálé mi ní òun kò rí ohun mìíràn fi parí rẹ̀. Ó ní òun sọ ìtàn Benedict fún un ní èdè Ìkálẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyá náà sì gbọ́ ọ. Nígbà tí òun dákẹ́, Mama Asha na ìka méjì, ó sì nawọ́ sí òkun.

A jọ lọ jẹun. Ó bu ẹja yíyan, ó jẹ ẹ́, ó tún lọ bù sí i. Láti ọjọ́ yẹn títí a fi kúrò, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin yẹn ló ń lọ, kò tilẹ̀ rí ìjàpá kankan. Bí a bá sì ń kọjá létí òkun, wọ́n á pariwo Mama Benedict, ó máa ń juwọ́ sí wọn.

Ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ tọrọ wá kù. Owó epo lantẹ́ẹ̀nì kọ́, òrùlé tó ń jò kọ́, ìyẹn lè dúró. Ìyálé mi ní òun fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Igbókọ̀dá lọ síbi tí ọkọ̀ Benedict ti dojú dé, kí òun kọrin fún un, kí òun pe orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Bá wa wá owó ọkọ̀, kí o sì ra ẹ̀wù tó ń léfòó fún àwa méjèèjì, torí mo ti ní n kò ní jẹ́ kó dá lọ. Bí àyè bá gbà ọ́, kí ìwọ náà wá. Ó ní ìwọ ló máa ń tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ kiri.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fi ọwọ́ rẹ wá ohun tí o kò ní rí. Omi kò ní gbé tìrẹ lọ, ọ̀nà kò ní gba tìrẹ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ rẹ ni yóò rán ọ lọ wo ayé, wàá lọ, wàá bọ̀, wàá bá wọn nílé ní àlàáfíà.

Bí o bá máa pe ìyálé mi, fóònù rẹ̀ ti ń lọ. Má pè é ní Màmá Helen. Ó ti sọ fún gbogbo agboolé, ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀, kò ní dá a lóhùn. Ìyá Benedict ni.

Èmi ni ìyá rẹ,
Agatha