Fọ́ọ̀mù Òkìtì Ummulkhair

Ilé Bàbá Sàlísù,
Ìfọ̀.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ọdún 2006.

Mùsáfírù Àkànjí, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Bí o ṣe ń ṣí ìwé yìí, kí Ọlọ́run Ọba ṣí ilẹ̀kùn àánú fún ọ. Mo kí Fàúsátù ìyàwó wa, mo kí i kú iṣẹ́, mo kí i kú ìtọ́jú ilé, mo sì kí ẹ̀yin méjèèjì kú àìrí ọmọ yín láti ìgbà tí wọ́n ti gba họlidé. Ara mi le, àfi orúnkún mi tó máa ń sọ fún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀, kò sì tíì parọ́ rí. Àgbàdo tí mo gbìn sẹ́yìn ilé ti tán, a ti jẹ ẹ́. Òrùlé ilé ìdáná tí o ní kí n má fọwọ́ kàn títí o fi máa wá, mo ti fọwọ́ kàn án, ó sì ń jò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ummulkhair ti ga sí i, ó ń jẹun, ó ń sùn.

Mo kọ ìwé yìí nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ fún ọ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Mo ti fọwọ́ sí ìwé kan tí ìwọ ní o kò ní fọwọ́ sí. Fara balẹ̀, má tíì bínú, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí o máa ń yára bínú lórí fóònù, owó inú rẹ̀ sì máa ń tán níbi tí àlàyé mi bá ti fẹ́ dùn.

Ọjọ́ kẹta tí ọmọ yín dé, mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná láti kó igi, mo sì bá a níbẹ̀ tó tẹ̀, tó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lélẹ̀, tó ki orí bọ àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tó sì ń wò mí láti ibẹ̀. Ìwọ náà mọ ohun tí àwọn àgbà ń sọ, pé ọmọ tó bá ń wo ẹ̀yìn láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, àbúrò ló ń pè. Lóòótọ́ ọmọ jòjòló ni wọ́n ń sọ ọ́ mọ́, èyí sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n mo ní bóyá iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni kò tètè dé. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí igi bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún Ìyá Káyọ̀ tó wà ní ojúlé kejì, òun náà sọ fún àwọn ará àsàlátù wa, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti gbàdúrà kí Fàúsátù sọ̀ ní àlàáfíà. Bí kò bá sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, kí ó má bínú sí mi, àdúrà kì í ṣòfò. Mo ti ra ọṣẹ ọmọ pẹ̀lú, ọṣẹ náà kì í bàjẹ́.

Lọ́sẹ̀ kan náà ni mo rí i tó ń fi ọwọ́ òsì jẹun. Ara mi bù máṣọ. Mo bi í pé ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ní Ẹ̀sítéètì OPIC tí ẹ ń gbé nìyẹn, mo sì gbá a lọ́wọ́ náà. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún bu òkèlè, omijé sì ń bọ́ sínú ọbẹ̀. Mo rò pé ojú ló ń tì í. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó kúnlẹ̀ kí mi, mo bi í pé ṣé ó jí dáadáa, ó ní a dúpẹ́ mà. Mo ní kó bá mi fún aṣọ tí mo fọ̀, aṣọ náà bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí mo wá dì í mú ní ọrùn ọwọ́ ọ̀tún kí n lè bá a wí, ó pariwo. Ọrùn ọwọ́ náà wú, ó sì gbóná.

Mùsáfírù, ó dùn mí. Láràárọ̀ ni mo ń bi í bóyá ara le, láràárọ̀ ló ń ní dáadáa ni. Àwa náà la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ tó bá kúnlẹ̀ kí àgbà tó wá ń ka ibi tó ń dùn ún, a ó ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Mo bi í láti ìgbà wo, ó ní láti ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Màmá Ìfọ̀, Dádì ní ọjọ́ tí mo bá tún sọ pé ọwọ́ ń dùn mí ni òkìtì parí.” Ó ní nítorí náà lòun ò ṣe sọ mọ́.

Ó ní wọ́n ń kọ́ òun ní òkìtì ní ilé ìwé, wọ́n ń pè é ní jimunásíìkì, tíṣà kan tó ń jẹ́ Gbémiga ló ń kọ́ wọn. Mi ò gbà á gbọ́. Mo ní ta ni yóò san owó ilé ìwé kí wọ́n fi lè kọ́ ọmọ ní òkìtì, ohun tí gbogbo ọmọ Ìfọ̀ ń ta lọ́fẹ̀ẹ́ lórí iyanrìn típà. Mo wá ń wá àkísà mímọ́ nínú báàgì rẹ̀ tí mo fẹ́ fi di ọwọ́ rẹ̀, ni mo bá rí ìwé kan tí wọ́n ya àwòrán ọmọ tó dorí kodò sí. Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀, ìlà wà nísàlẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí òbí fọwọ́ sí. Ó wá yé mi yékéyéké. Mo ní ọmọ yìí ti ṣẹ̀ wọ́n, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ti ya àwòrán ìyà náà ránṣẹ́ sílé kí òbí lè rí i.

Mo mú bírò. Mo kọ ọ́ sórí ìlà náà pé, “Èmi ìyá bàbá rẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀, ẹ dárí jì í, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.” Mo kọ orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù mi, mo tún tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn kí ó lè lágbára. Mo fi ìwé náà rán Ògúnkànmí, ọmọkùnrin tó ń fi típà kó iyanrìn lọ sí apá Ìṣẹrí, mo ní kó fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé náà.

Ọjọ́ kejì ni mo gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ká lọ ya ọwọ́ náà ní fọ́tò. Mo dá ọmọ padà sílé, mo wẹ̀ ẹ́, mo wọ aṣọ Iléyá fún un, mo fi pọ́ńdà sí i lójú, a sì padà lọ. Ọkùnrin tó ń ya fọ́tò náà kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Ìgbà tí fọ́tò jáde, dúdú ni, eegun ọwọ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí orí, kò sí aṣọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un yà, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo sì gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó yín.

Dókítà ní kò sí eegun tó ṣẹ́. Ó ní eegun ọmọdé ṣì ń dàgbà, iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un, kó má fi ọwọ́ gbé ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ká fi báńdéèjì dì í, bó bá sì tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ máa na ọrùn ọwọ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mùsáfírù, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti yan gààrí rí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó nídìí agbada. Ọmọ tuntun tó bá dé ibẹ̀, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì ọrùn ọwọ́ á máa dùn ún, nítorí ọrùn ọwọ́ nìkan ló fi ń ti igbá. A kì í lé e lọ sílé, a kì í sì í gbé odidi agbada fún un. Díẹ̀ la ó bù fún un, a ó ní kó sinmi, a ó sì kọ́ ọ kó máa fi èjìká ṣiṣẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Tíṣà Gbémiga pè mí lórí fóònù. Ó ń rẹ́rìn-ín débi tí mi ò tètè gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ní ìwé tí mo fọwọ́ sí kì í ṣe ìwé ìyà, ìwé pé òbí gbà kí ọmọ kọ́ òkìtì ni, kí ó sì bá wọn ta á níwájú àwọn òbí ní oṣù Ọ̀kìtóbà. Mo ní òkìtì ọ̀hún jẹ́ òótọ́? Ó ní òótọ́ ni. Mo wá bi í pé ṣé ó mọ̀ pé ọwọ́ ń dun ọmọ. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní gbogbo ìgbà lòun ń bi í, ó sì máa ń ní kò sí wàhálà, sà. Ó bẹ̀ mí púpọ̀. Ó ní òun kò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan ilẹ̀ títí dókítà á fi yọ̀ǹda rẹ̀, àti pé ọwọ́ tí èmi fi sí ìwé kò tó, bàbá rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ìwọ ti sọ fún un pé o kò ní fọwọ́ sí i.

Nítorí náà a sinmi. Mo ń fi aṣọ olómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́, mo ń fi òrí pa á, inú rẹ̀ kò dùn, ó ń ka ọjọ́ bí ẹlẹ́wọ̀n. Ìgbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dókítà tẹ ọrùn ọwọ́ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní ó lè bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ́ ẹní mẹ́ta léra. Ó na ọwọ́, ó yí i, ó ya àwọn ìka rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ẹní, ó gbẹ́sẹ̀ sókè, mo sì di ẹsẹ̀ náà mú, mo ń kà. Ìgbà tí mo ka méje, ó ní kí n jẹ́ kí òun sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ti ń dun òun díẹ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ó jókòó, ó ń wojú mi, ó ń retí kí n sọ pé ó parí. Mo ní ó ṣeun tó sọ fún mi, lọ́la a ó kà á dé mẹ́fà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó wá bi mí pé kí la fẹ́ jẹ. Lánàá a ka ogún, kò dùn ún rárá.

Fọ́ọ̀mù tuntun tí Gbémiga fi rán Ògúnkànmí wà nínú ìwé yìí. Mi ò kọ nǹkan kan sí i lọ́tẹ̀ yìí. Mo bẹ̀ ọ́, fọwọ́ sí i. Kì í ṣe òkìtì ló ṣe ọmọ yìí ní jàǹbá tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù rẹ ni. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló jẹ́ kí o sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ló dí i lẹ́nu.

Fi owó tìmùtìmù kékeré kan ránṣẹ́, nítorí ẹní mi ti ń fà ya, àti owó ṣúgà díẹ̀ torí ààwẹ̀ ti dé tán. Ti òrùlé, ohun tí Ọlọ́run bá fún ọ ni kí o fi sí i. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rí ibi ọmọ rẹ, yóò fún ẹ̀yin méjèèjì ní omi tí ẹ óò máa mu tí kò ní tán, ẹ ó pẹ́ fún un, òun náà á pẹ́ fún yín. Àmín.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá dá a padà, yóò kúnlẹ̀ kí ọ. Wàá bi í pé ṣé dáadáa ni, yóò ní a dúpẹ́, sà. Má ṣe fi í sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Jókòó, kí o tún bi í.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àlímọ́tù.