Ẹja Tí Mò Ń Rún fún Ìbùkún

Ọjọ́ Ajé, 3/3/2025
Èsì dé. Ohun tí mò ń pè ní ọgbẹ́ inú – jẹjẹrẹ ni. Jẹjẹrẹ! Èmi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Onígíláàsì (dókítà wa) ní kòkòrò kan ti pẹ́ nínú ikùn mi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó ń bá a jà ló pọ̀ kọjá ààlà, ni wọ́n bá di wíwú, jẹjẹrẹ náà nìyẹn. Bí kòkòrò bá kú, wíwú náà lè fúnra rẹ̀ rọ. Oògùn ọ̀sẹ̀ méjì ló kọ – amọ́síìlì àti méjì mìíràn. Amọ́síìlì kẹ̀? Àbí wọ́n ti sọ̀rètí nù lórí mi ni?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4/3
Mo fi oògùn náà han Jàmíátù, ará ilé wa. Ó rẹ́rìn-ín: "Ìyá Ìbùkún, èyí tí mo máa ń tú sójú egbò Bàsítì ọmọ mi? Òun ló fẹ́ lé jẹjẹrẹ?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá wọ balùwẹ̀ lọ sunkún. Mo ṣáà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ọjọ́bọ̀, 6/3
Mo pe Onígíláàsì. Níbo ni mo ti kó kòkòrò yìí? Ó ní ó lè jẹ́ láti kékeré, láti ẹnu ẹni tó ń bọ́ mi. Ẹja tí mò ń rún fún Ìbùkún! Kò tíì hu eyín tí mo ti ń rún un sí i lẹ́nu, bí màmá mi ti rún tèmi. Mi ò lè béèrè èyí tó kù. Mo gé fóònù.

Ọjọ́ Ẹtì, 7/3
Láti òní, ìdajì oògùn mi ni mò ń tú sínú ògì Ìbùkún. Bàbá rẹ̀ ò mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17/3
Oògùn tán. Ìbùkún ń ṣu gbuuru. Bàbá rẹ̀ ní eyín ló ń hù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Olúwa, dárí jì mí – eyín kọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22/4
Wọ́n tún ki rọ́bà tí wọ́n fi ń wo inú ikùn sí mi lọ́fun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èsì lónìí: kòkòrò ò kú. Wíwú ò rọ.
"Ṣé ẹ lò ó pé?"
Bàbá Ìbùkún ti dáhùn kí n tó yanu: "Ó lò ó pé, sà. Ojú mi ló ṣe."
Ẹkún gbà mí. Mo jẹ́wọ́.
Onígíláàsì ò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní ìdajì oògùn kò pa kòkòrò, ṣe ló ń kọ́ ọ bí yóò ṣe sá. Pé bó bá tilẹ̀ wà lára ọmọ, ó lè má ṣe é ní nǹkan kan títí ayé. "Màdáámù, ẹ̀yin ni jẹjẹrẹ wà lára yín." Ó kọ oògùn mìíràn, tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní jẹjẹrẹ náà kò tíì tàn kálẹ̀.
Nínú kẹ̀kẹ́, bí a ti dé Adankolo, àdúgbò wa, Bàbá Ìbùkún yíjú sí mi. Ó wá ní: "Ta lo fẹ́ kó bá mi tọ́ Ìbùkún?"

Ọjọ́rú, 23/4
Bàbá Ìbùkún dúró tì mí láàárọ̀ yìí. Mo gbé oògùn mì. Ó ní kí n la ẹnu.
Mo là á.