Ezekiel Akínwùmí Èjìdé (1911–1968), Tó Ń Ka Àrùn Mọ́tò Lójú Ẹni Tó Ń Tà Á

Lọ́dún 1911, ní agbo ilé Èjìdé ní Ọ̀rányàn, ìlú Ìbàdàn, ni Àṣàkẹ́ bí ọmọkùnrin kan fún ọkọ rẹ̀, Sàláúdéènì, oníṣẹ́ awọ. Àkíbù ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ bàbá wa. Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n lò nílé ìwé kí bàbá tó bí wọn tó kú, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀wé kọ, wọ́n sì mọ ìṣirò dáadáa.

Lọ́dún 1928 ni wọ́n wọ iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n gba ìgbàgbọ́ nínú ìjọ Aládùúrà, tí wọ́n sì ṣèrìbọmi pẹ̀lú orúkọ Ezekiel Akínwùmí. Lọ́dún 1937, wọ́n fẹ́ Clara Táíwò, ọmọ Bẹẹrẹ, ìyá wa.

Lọ́dún 1950, bàbá dá ṣọ́ọ̀bù ti ara wọn sílẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà. Àsìkò náà ni àwọn akọ̀wé àti oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í ra mọ́tò kékeré àlòkù. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan á kọ́kọ́ wá mú bàbá lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá débẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé lé orí ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti gbóná, ńṣe ni wọ́n á padà sílé. Wọ́n ní ẹni tó mú ẹ́ńjìnnì gbóná kí oníbàárà tó dé ní ohun tó ń fi pamọ́. Bó bá tutù, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò dé ìdí, wọ́n á kọ àrùn kọ̀ọ̀kan àti iye tí àtúnṣe rẹ̀ máa jẹ sórí ìwé, wọ́n á sì kà á sétí olùtà àti olùrà pọ̀. Ṣílè márùn-ún ni owó iṣẹ́ wọn, ì báà dára, ì báà burú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1959, Fàsásì, tó ń ta ẹní ní Ọjà'ba, mú bàbá lọ wo mọ́tò onílẹ̀kùn mẹ́rin kan tó fẹ́ fi ṣe takisí. Ìgbà tí wọ́n débẹ̀ ni bàbá rí i pé Kẹ́hìndé, ìkejì màmá wa gan-an, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kẹ́hìndé, ló ni ín. Ọgọ́fà pọ́n-ùn ni wọ́n ń tà á, owó kòkó wọn sì ni wọ́n fi rà á ní Èkó. Bàbá Kẹ́hìndé fa bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ jọ̀wọ́, ojú àna ni kí ẹ fi wò ó."

"Ojú méjì péré ni mo ní. Méjèèjì náà ni màá fi wò ó."

Epo ẹ́ńjìnnì ti funfun bí ògì, omi ti ń wọ inú rẹ̀: pọ́n-ùn mẹ́jọ. Èéfín búlúù ń jáde lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ti jẹ: mọ́kànlá. Páǹpù bíréèkì ń jò: mẹ́rin. Gíà kò pariwo rárá, ìyẹn gan-an ló sì kọ bàbá lóminú. Nígbà tí wọ́n tú ìdérí rẹ̀, wọ́n bá ìyẹ̀fun igi tí ẹnì kan ti dà sínú rẹ̀ kí ariwo eyín tó ti jẹ má baà jáde: mẹ́rìnlá. Gbogbo rẹ̀ di pọ́n-ùn mẹ́tàdínlógójì. Bàbá Kẹ́hìndé búra pé àwọn kò mọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ẹni tó tà á fún wọn ló ṣe é. Fàsásì kò ra mọ́tò náà, kò sì sẹ́ni tó béèrè iye rẹ̀ mọ́ ní Bẹẹrẹ.

Nígbà tí màmá gbọ́, wọ́n gbé Yéwándé àbíkẹ́yìn pọ̀n, wọ́n padà sílé bàbá wọn. Oṣù márùn-ún ni bàbá fi ń se oúnjẹ fún wa. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna wọn. Àwọn àna á fún wọn lómi, wọn kò ní dárúkọ màmá. Àwọn àgbà ìjọ ní kí bàbá sọ pé àwọn ṣi mọ́tò náà wò. Bàbá ní àwọn á tọrọ àforíjì fún ìtìjú tó bá àna àwọn, ṣùgbọ́n àwọn kò ní yí ohun tó wà nínú ìwé.

Ní oṣù Kejìlá, bàbá lọ bá Bàbá Kẹ́hìndé pé kí wọ́n gbé mọ́tò náà wá, kí wọ́n ra irin tí àtúnṣe náà gbà nìkan, àwọn kò ní gba owó iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gbà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni bàbá fi wà lábẹ́ rẹ̀. Owó irin nìkan kọjá gbogbo ohun tí wọ́n kọ: ó di pọ́n-ùn mẹ́tàlélógójì. Bàbá fi mẹ́fà tó lé kún un nínú owó páànù tí wọ́n ń tọ́jú fún ilé wa, wọ́n ní àwọn ló ṣi iye náà kọ.

Ọjọ́ tí àtúnṣe náà parí ni màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n jókòó sórí táyà, wọ́n ní: "Bàbá Comfort, òótọ́ tí ẹ sọ kọ́ ló dùn mí. Bí ẹ ṣe jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà ni." Bàbá kò jiyàn. Wọ́n ní àwọn jẹ̀bi ìyẹn, àwọn kò sì tún jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni màmá padà sílé.

Fàsásì tún dé pé kí bàbá yẹ mọ́tò náà wò fún òun. Bàbá kọ̀, wọ́n ní ẹni tó tún un ṣe kò lè jẹ́rìí sí i, kí ó lọ mú ẹlòmíràn wá. Ẹni yẹn rí páìpù èéfín tó ti dá lu, bàbá sì pààrọ̀ rẹ̀. Fàsásì sanwó, ó fi ọkọ̀ náà ṣe takisí káàkiri Ìbàdàn fún ọdún mẹ́fà.

Lọ́dún 1961, ìjọ fi bàbá joyè alàgbà. Lọ́dún 1963, bàbá kó àwọn mẹkáníìkì Bẹyẹrúnkà jọ di ẹgbẹ́, gbogbo wọn sì fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò ní tú nọ́ọ̀tì kan láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ sọ iye àtúnṣe. Àwọn kan bínú kúrò nínú ẹgbẹ́. Bàbá kò yẹsẹ̀.

Ìparí ọdún 1967 ni àìsàn kíndìnrín dé. Bàbá ní kí dókítà má fi nǹkan kan pa mọ́, ó sì sọ pé oṣù díẹ̀ ló kù. Mọ́tò mẹ́rin wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà náà. Bàbá parí mẹ́ta, wọ́n sì fúnra wọn mú kọ́kọ́rọ́ ìkẹrin, tí wọn kò lè parí, lọ bá ẹni tó ni ín. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1968, láàárọ̀, wọ́n ní kí màmá jókòó ti àwọn. Màmá di ọwọ́ wọn mú títí ó fi tutù.

Bàbá fi ìyàwó wọn, Clara Táíwò, sáyé lọ, àti àwọn ọmọ: Comfort, Akínwùmí tó ń jẹ́ orúkọ wọn, Eunice àti Yéwándé, ọmọ-ọmọ méje, Sàlámì, àbúrò wọn, àti Kẹ́hìndé, àna wọn, tó dúró ti pósí láti ilé dé ibojì.

Bàbá wa, ẹ ti ṣiṣẹ́, ó tó. Ilẹ̀ Ọ̀rányàn á tù yín lára, Olúwa á fi yín sáyà. Ẹ sùn ún re o.