Sípíkà Tó Kọjú Sí Àga Bàbá

Bọ̀dá Ayọ̀fẹ́,

Ẹ kú òtútù ọ̀hún o. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ara Màmá le, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Àwọn sípíkà tí ẹ fi ránṣẹ́ ti wà ní pálọ̀. Màmá ní àga Bàbá ni kí gbogbo wọn kọjú sí, àga tẹ́nikẹ́ni ò jókòó sí látọjọ́ tá a ti sìnkú wọn.

Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Mo mú máìkì wọ yàrá, mo fi ohùn Bàbá pè nínú sípíkà ẹ̀yìn àga: "Ìyá Ayọ̀fẹ́, omi mi dà?"

Màmá gbé omi wá, wọ́n kúnlẹ̀: "Bàbá Ayọ̀fẹ́, ìgbà wo lọmọ wa ń bọ̀?"

Mo sáré jáde sí pálọ̀. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní, "Dákẹ́ jàre! Ìwọ lo máa júwe ohùn ọkọ mi fún mi?"

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé omi síwájú àga yẹn, tí wọ́n ń retí èsì. Bọ̀dá, kò sẹ́ni tí mi ò lè sín jẹ, àmọ́ èsì yẹn, ẹnu yín ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wálé. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹsẹ̀ yín.

Àbúrò yín,
Frederick