Ohùn Màmá Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Pa Rẹ́

                                        Ilé Kẹrìnlá,
                                        Bonamoussadi,
                                        Douala.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Àǹtí Bessem,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìtọ́jú Bàbá. Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí ọbẹ̀ ewé eru tí ẹ fi rán awakọ̀ gbà. Mi ò tíì lè fẹnu kàn án.

Ẹ ní kí n mú ohùn Màmá bọ̀ wálé fún ìrántí ọdún kẹwàá tí wọ́n kú. Àǹtí, kò sí mọ́. Èmi ni mo pa á rẹ́.

Ẹ mọ̀ pé ilé àkójọ ohùn àwọn àgbà ni mo ń bá kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ la gbé kásẹ́ẹ̀tì tí ohùn Màmá wà nínú rẹ̀ lọ kó tó bàjẹ́ pátápátá; ó sì ti já báyìí, kò ṣe é lò mọ́. Àwọn elédè Faransé kọ ìdajì ètò náà, àwa elédè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìyókù, kálukú sì ń sọ nǹkan lórúkọ tó wù ú. Nlend, ọ̀gá wa, pariwo títí: "Ohun kan, orúkọ kan! Ẹ̀yin ará Bamenda yìí, olóríkunkun ni yín!" Bí wọ́n ṣe máa ń pe gbogbo àwa elédè Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ó sì mọ̀ dáadáa pé ará Mamfe ni mí. Èmi náà fi í rẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá, ṣebí ó ń ṣiṣẹ́? Kí ló wá kù?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bà mí jẹ́. Wọ́n kọ "piece" síwájú nọ́ńbà àwọn ohùn kan. Lédè Faransé tiwọn, odidi ohun kan nínú àkójọ ni. Èmi kà á bíi Gẹ̀ẹ́sì: àjákù. Mo rò pé àjákù tí a ti so pọ̀ tán ni, mo bá kọ àṣẹ pé kí ẹ̀rọ gbá gbogbo wọn dànù. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ohùn ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá ló lọ. Ẹ̀dà tí a ń fi pamọ́ máa ń tẹ̀lé àkójọ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ohun tí a bá pa rẹ́ níhìn-ín, a parẹ́ lọ́hùn-ún. Nígbà tí a ó fi mọ̀, òun náà ti ṣófo.

Nlend ò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn jókòó tì mí, ó ní, "Enow, ti ìyá ẹ ńkọ́?"

Ayé sú mi, Àǹtí. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣí àkójọ náà. Orúkọ Màmá ṣì wà níbẹ̀, nọ́ńbà wọn wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dún.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ, kí ẹ sì kí ọkọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Bàbá. Awakọ̀ ní wọ́n ti ra bátìrì tuntun sínú rédíò tí wọ́n fẹ́ fi gbọ́ ohùn Màmá, wọ́n ń retí mi.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,
                                        Enow.