Àga Àkọ́bí Tí Ajá Jókòó Lé Lọ́jọ́ Kérésì

Èmi, aránbàtà tí ń gbé ilé tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Oníbàtà, tí orúkọ mi ní kíkún sì wà nínú ìwé ìbí tí mo so mọ́ ẹ̀yìn ìwé yìí nítorí pé kò sí ẹni tó fi pè mí mọ́ láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú, ni mo ń sọ ìfẹ́ inú mi ìkẹyìn síhìn-ín. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí. Ìwé yòówù tí mo ti kọ ṣáájú èyí, mo pa á rẹ́.

Orí mi pé. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ ìwé ìhágún ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tèmi ní ẹ̀rí, nítorí pé àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pawọ́ pọ̀ mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ní oṣù Kẹta ọdún yìí kí ó lè wò ó bóyá ó pé. Dókítà bi mí pé ọjọ́ wo la wà, mo sọ fún un. Ó ní kí n kà láti ogún padà sí oókan, mo kà á, mo sì fi kún un pé gìgísẹ̀ bàtà òsì rẹ̀ ti fẹ́ já. Ó wá bi mí pé ta ni mo bá ṣe kérésì tó kọjá. Mo ní ajá mi ni. Ó kọ ìyẹn sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo bàtà rẹ̀, ó rí i pé òótọ́ ni mo sọ, ó sì fọwọ́ sí i pé kò sí ohun tó ṣe mí. Ìwé dókítà náà wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò mi, ẹni tí mo yàn ṣe alámòójútó ìhágún yìí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe dà á láàmú. Ọmọlúàbí ni, kò sì fẹ́ràn ariwo.

ÌKÍNNÍ. Gbèsè kan ṣoṣo tí mo jẹ láyé ni ẹ̀bẹ̀, olórí akọrin ìjọ wa ni mo sì jẹ ẹ́. Ní kérésì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo mú Fàrabalẹ̀, ajá mi, lọ sí ìsìn àárọ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí mo lè fi í sílẹ̀ fún nílé. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì kẹta tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì fi etí sí ìwàásù ju àwọn alàgbà méjì tí wọ́n ń sùn níwájú wa lọ. Ìgbà tí àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ orin ló gbóhùn sókè bá wọn kọ ọ́. Olórí akọrin rán adènà sí wa, wọ́n sì tì wá síta, èmi àti ajá. Níta níbẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ sókè pé nínú gbogbo wọn, ajá nìkan ni ohùn rẹ̀ kò yẹ̀. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Mo tọrọ àforíjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ kọ́. Mo fi àyè mi lórí bẹ́ǹṣì kẹta sílẹ̀ fún olórí akọrin náà, àti ìrọ̀rí kékeré tó wà níbẹ̀.

Kí n sọ ọ̀rọ̀ nípa orúkọ ajá yìí, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n má bàa rò pé ẹ̀gàn ni. Ìyá àwọn ọmọ mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ oṣù méjì. Ó ní orúkọ a máa ro ọmọ, bí a bá ń pe ajá ní Fàrabalẹ̀ lójoojúmọ́, bópẹ́ bóyá á fara balẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Ó ti jẹ ìrù ẹṣin onígi kan, ẹsẹ̀ tábìlì kan, àti bàtà òsì adájọ́ kan tí mo ní láti rán òmíràn fún. Orúkọ náà kò ro ó rárá.

ÌKEJÌ. Mo fi gbogbo irinṣẹ́ mi sílẹ̀ fún àbíkẹ́yìn mi: òòlù mẹ́ta, òkúta ìpọ́nọ̀bẹ, ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń rán awọ, àti àwọn ẹsẹ̀ onígi mẹ́tàlélógún tí mo fi ń mọ bàtà. Mo mọ̀ pé fóònù ló ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ti í dọ̀tí. Kó gbà wọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó fi ọ̀sẹ̀ méjì ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó rán bàtà fún mi fún kérésì, méjèèjì sì jẹ́ ti ẹsẹ̀ òsì. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn, mo wọ̀ ọ́ bọ̀, n kò tiro lójú rẹ̀. Fàrabalẹ̀ ti fẹnu kan gbogbo bàtà inú ilé yìí àfi méjì yẹn, nítorí pé orí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo gbé wọn sí. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn ju bí mo ṣe fi hàn án lọ.

ÌKẸTA. Igi kérésì oníke tó wà ní pálọ̀, pẹ̀lú àwọn iná wẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀, di ti ọmọbìnrin mi, ọ̀gá ilé ìwé. Láti àárín lọ sókè nìkan ló kù. Fàrabalẹ̀ ló jẹ ìsàlẹ̀. Ọmọbìnrin mi kì í kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀, ìkéde ló máa ń kọ, pẹ̀lú nọ́ńbà, tí yóò sì fi ìdúpẹ́ fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ mi parí rẹ̀. Nínú ìkéde tó kọ gbẹ̀yìn, nọ́ńbà kẹrin ni pé ajá àti igi kérésì kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá kan náà. Ó wà ní ìrìn wákàtí mẹ́rin sí yàrá náà nígbà tó ń pàṣẹ yìí. Mo gba nọ́ńbà kẹrin, mo ní kó wá yọ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kúrò fúnra rẹ̀. N kò tíì rí èsì.

ÌKẸRIN. Mo fi bàtà aláwọ̀ pupa kan, tó wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, sílẹ̀ fún Ìyá Oníbúrẹ́dì, aládùúgbò mi tó wà ní òdìkejì títì. Láràárọ̀ kérésì láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú ló ti ń gbé búrẹ́dì gbígbóná wá sí ẹnu ọ̀nà mi, èyí tó tóbi fún èmi àti kékeré fún ajá. Kò wọlé rí, nítorí pé n kò ní kó wọlé rí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àpò ìyẹ̀fun rẹ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì rìn kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tó wọlé lọ mú ìgbálẹ̀, mo sáré fi okùn wọn ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìyẹ̀fun náà. Báyìí ni mo ṣe mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà náà ti parí láti ọdún yẹn. (Mo ti fagi lé ẹsẹ ìkẹrin yìí. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀.)

ÌKARÙN-ÚN. Ilé. Ibí yìí ni ojú gbogbo yín ti ń wá láti òkè ìwé yìí, mo mọ̀, nítorí náà ẹ wá jókòó.

Ẹ̀yin mọ àṣà tí ìyá yín dá sílẹ̀. Ní agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kérésì, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ayàwòrán yóò dé, àwa márùn-ún yóò sì jókòó sórí àga márùn-ún tí mo fi awọ bò fúnra mi, kálukú sórí tirẹ̀. Ìyá yín kì í gbà kí a pààrọ̀. Ní kérésì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, mo pa adìẹ méjì, mo nu àga márààrún. Káàdì mẹ́ta ló dé. Àkọ́bí mi, ọ̀gá ní báńkì, kọ ọ́ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun wá, ṣùgbọ́n ọkàn òun balẹ̀ nítorí àwọn àbúrò òun wà lọ́dọ̀ mi, kí n bá òun kí wọn. Ọmọbìnrin mi kọ ọ́ pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun wà nílé, òun mọ̀ pé kò séwu. Àbíkẹ́yìn ní òun kò fẹ́ wá há ilé mọ́ wa, pé níbo ni òun yóò sùn sí. Mo to káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì. Èmi àti ajá jẹ adìẹ náà fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ó yẹ kí n pè yín. Mo mọ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo kọ̀wé sí yín lọ́kọ̀ọ̀kan pé ọdún dùn, ilé kún, a sì bá yín jẹ tiyín. Irọ́ ni mo pa, ìgbéraga ló sì mú mi pa á. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ẹ fi ń kọ káàdì yín, tí mo sì ń kọ irọ́ mi, kò sì sí ọ̀kan nínú yín tó bá èkejì sọ̀rọ̀ tó láti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó wá.

Ní kérésì tó kọjá, ayàwòrán dé ní agogo méjìlá bó ti ń ṣe, nítorí pé kò sẹ́ni tó ní kó má wá mọ́. Ó wo àga, ó wò mí, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀. Fàrabalẹ̀ tí kì í dúró lójú kan bá gun àga àkọ́bí, ó jókòó, ó kọjú sí kámẹ́rà. Mo dé fìlà pupa sí i lórí. A ya àwòrán náà, mo sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí yín.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ẹ fi pe ara yín tán. Àkọ́bí mi pè mí, inú rẹ̀ ń ru. Ó ní ta ló gbé ajá sórí àga òun, ó ní ìwọ̀sí gbáà ni, ó wá pa òwe fún mi pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo ní ajá wà lórí àga, ó sì gbọ́ fèrè, kó wo ẹni tó sọnù. Nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó bi mí pé kí ló dé tí àga fi ṣófo. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹ dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dókítà. Bí a ṣe ń dúró de ọkọ̀, àkọ́bí mi ń rìn láti ògiri dé ògiri ní pálọ̀, ó ní òun ń na ẹsẹ̀. Aránbàtà ni mí. Mo mọ ìgbà tí ènìyàn ń rìn, mo sì mọ ìgbà tó ń wọn ilé.

Nítorí náà: ilé yìí jẹ́ ti ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́gbọọgba, bí ẹ bá jókòó sórí àga yín, pẹ̀lú Fàrabalẹ̀ láàárín yín, ní agogo méjìlá kérésì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú mi. Bí ẹnìkan bá dín, ilé di ti ajá. Agbẹjọ́rò ní òfin kò gbà kí ajá ní ilé. Mo ní kó ṣáà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ná, kí ẹ kà á.

ÌKẸFÀ. Ibi tó yẹ kí ìwé yìí parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, nígbà tí mo pe Ìyá Oníbúrẹ́dì wá ṣe ẹlẹ́rìí, agbẹjọ́rò ní ẹni tí a fi ogún sílẹ̀ fún kò lè jẹ́rìí sí ìwé náà, pé àfi kí n wá ẹlòmíì tàbí kí n yọ bàtà kúrò. Yàtọ̀ sí ayàwòrán, n kò ní ẹlòmíì. Mo fagi lé ẹsẹ ìkẹrin, mo lọ fa páálí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì gbé bàtà náà fún un lójú ẹsẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó, ó wọ̀ ọ́. Ó bá a mu pẹ́kípẹ́kí. Ó bi mí pé kí ni mo ń dúró dè fún ọdún mẹ́ta. Ó tún bi mí bóyá mo ti fi ẹnu ara mi sọ fún àwọn ọmọ mi rí pé ilé mi máa ń ṣófo lọ́jọ́ kérésì. Mo ní rárá. Ó ní ó dáa, pé àwọn kò wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi náà ni mo di ilẹ̀kùn mú láti inú.

Mo ti rò ó láti àárọ̀, n kò rí ibi tí mo lè gbà já a ní koro.

Nítorí náà mo pàṣẹ fún alámòójútó mi pé kó má ṣe dúró de ikú mi. Kó fi ẹ̀dà ìwé yìí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lónìí, kó lè dé ọwọ́ wọn kí kérésì tó dé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwé yìí yóò di asán bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn mi lọ́jọ́ kérésì yìí. Èmi fúnra mi ni yóò ya á. Mo ti nu àga. Adìẹ wà nílẹ̀. Mo ti bá Fàrabalẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àga àkọ́bí, yóò sọ̀ kalẹ̀. N kò mọ bí a ṣe ń bẹ ọmọ ẹni lórí fóònù, ẹnu mi kò gbà á, òun ló jẹ́ kí n gba ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò. Àárò yín ń sọ mí. Ẹ wá.

Mo fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá, ní pálọ̀ ilé mi:

Bàbá Oníbàtà

(Ẹsẹ̀ tó tẹ ìwé nísàlẹ̀ yìí, ti Fàrabalẹ̀ ni. Agbẹjọ́rò ní kò bófin mu, ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́.)

Àwọn ẹlẹ́rìí:

Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí kò jogún ohunkóhun nínú ìwé yìí, tó sì wọ bàtà pupa nígbà tó ń fọwọ́ sí i.

Ayàwòrán, tí yóò dé ní agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kérésì, bó ti máa ń ṣe.